Sójà Ara Ò Tán, Ọ̀tá Ni Wọn Ò Dá Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ ní ilé ìpàdé wọn ní Láàgéré nìyí, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síta kí àwọn tí ò ráyè wá náà lè kà á, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa ń pariwo nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó o. Láàbù ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni dókítà tó ń kọ oògùn, èmi lẹni tí wọ́n ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ yín wá bá, tó ń fi maikirosikóòpù wo ohun tó wà nínú ẹ̀, nítorí náà tí mo bá sọ̀rọ̀ ìtọ́jú jù, kí ẹ rán mi létí kí n dákẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà láti wá ni pé, láti Odò-Ògbè títí dé Sábó, ibi gbogbo lẹ ti máa rí àwọn tó ń ta tíì, kápúsù, omi inú ike, wọ́n á ní ó ń gbé sójà ara dìde, pé tí sójà ara bá ti pọ̀, jẹjẹrẹ ò lè wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí gan-an ni. Pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn tí wọ́n ń pè ní sójà ara yìí, ń bá jẹjẹrẹ jà, òótọ́ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Pé kí wọ́n ṣáà ti pọ̀ ni, ibẹ̀ ni irọ́ wà, irọ́ yẹn sì ni àwọn kan ń mu lọ́dún kan gbáko pẹ̀lú kókó nínú ọmú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kókó tí wọn ì bá ti gé kúrò kó tó rìn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo iye tí wọ́n jẹ́ ná. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ohun tí à ń pè ní microlitre kan ní láàbù, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀ máa ń tó mílíọ̀nù 5, ti funfun á sì wà láàárín 4,000 sí 11,000. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn funfun yẹn, tó ń jẹ́ neutrophil, ara ń ṣe tó bílíọ̀nù 100 ẹ̀ lójúmọ́ kan ṣoṣo, torí pé wọn kì í pẹ́ kú. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ta sójà fún yín, ẹ bi í léèrè pé mélòó ló fẹ́ fi kún bílíọ̀nù 100. (Wọ́n rẹ́rìn-ín níbí, àmọ́ mi ò ṣàwàdà.)

Neutrophil yẹn gan-an, bakitéríà niṣẹ́ ẹ̀. Nídìí jẹjẹrẹ, àwọn mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ jù, àwọn tí wọn ò pọ̀ tó o, àmọ́ tó jẹ́ pé ojú wọn ló mú: sẹ́ẹ̀lì T, sẹ́ẹ̀lì NK, macrophage tó ń gbé nǹkan mì, àti dendritic cell tó ń gbé ìròyìn lọ fún àwọn yòókù.

Sẹ́ẹ̀lì T, inú mùdùnmúdùn ni orísun ẹ̀, àmọ́ ó máa ń lọ kọ́ṣẹ́ nínú nǹkan kékeré kan tó wà lẹ́yìn eegun àyà tó ń jẹ́ thymus. Títí di 1961 tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacques Miller fi iṣẹ́ thymus hàn, àwọn oníṣègùn rò pé nǹkan tí ò wúlò ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dán sẹ́ẹ̀lì T wò, èyí tó bá fẹ́ máa bá ara jà, ibẹ̀ ló máa kú sí, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò sì ní yege. Èyí tó bá yege ló máa bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á máa yí káàkiri.

Kí ló wá ń wò? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ń gé púrótéènì inú ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á kó ègé yẹn síta, á gbé e lé ohun kan lójú ara ẹ̀ tó ń jẹ́ HLA. Sẹ́ẹ̀lì T á máa kọjá, á máa fọwọ́ kan àwọn ègé yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ ti ilé, á fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ṣàjèjì, wàhálà dé. Ẹ dákun, ibi tí mo fẹ́ sọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Kì í ṣe kòkòrò tó ti ìta wọlé, sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ni, tí DNA inú ẹ̀, ìyẹn ìlànà tó ń darí ẹ̀, bà jẹ́, tó ń pín di púpọ̀ tí ò sì gbọ́ràn mọ́. Nítorí pé DNA ẹ̀ bà jẹ́, àwọn púrótéènì kan nínú ẹ̀ á yí padà díẹ̀, ègé tó ń gbé síta náà á yí padà díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì T ń wá. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé tó jọra wọn, ọ̀kan tàbí méjì péré ló lè yàtọ̀, ibẹ̀ ni kó ti dá a mọ̀.

Tó bá dá a mọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn, á da púrótéènì kan tó ń jẹ́ perforin sí i lára, èyí á lu ihò sí awọ sẹ́ẹ̀lì yẹn, òmíràn tó ń jẹ́ granzyme á gba ihò yẹn wọlé, iṣẹ́ granzyme ni láti pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pé kó pa ara ẹ̀. Ó sì máa pa ara ẹ̀ lóòótọ́. Sẹ́ẹ̀lì T á tú ara ẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Macrophage á wá kó òkú yẹn jẹ.

Àmọ́ NK lèmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. 1975 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ rí i, àwọn jẹjẹrẹ kan gbọ́n, wọ́n á ní kí ló dé tí àwọn fi ń gbé ègé síta fún ẹni tó fẹ́ pa àwọn, wọ́n á yọ HLA kúrò lójú ara wọn pátápátá, sẹ́ẹ̀lì T á kọjá, kò ní rí nǹkan kan. NK ní tiẹ̀ kì í wá ègé àjèjì, ẹni tí ò ní HLA gan-an ló ń wá. Bí ọlọ́dẹ àdúgbò laago méjì òru ni: ẹni tó bá dáhùn, tó dárúkọ ilé tó ń lọ, wọ́n á ní kó máa lọ, ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa lé.

Àbúrò kan bi mí níbí pé báwo la ṣe mọ̀ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ yìí lóòótọ́, ṣé wọ́n ti rí i ni? Ìbéèrè tó dáa ni, torí àwọn onímọ̀ fúnra wọn jà lórí ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Oníṣègùn kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Virchow ti rí sẹ́ẹ̀lì funfun nínú kókó jẹjẹrẹ láti 1863. Ehrlich, onímọ̀ ará Jámánì mìíràn, sọ ọ́ ní 1909 pé tí kì í bá ṣe ààbò inú ara ni, jẹjẹrẹ ì bá pọ̀ ju báyìí lọ. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1970 síwájú, wọ́n dán an wò pẹ̀lú àwọn eku tí ò ní thymus, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ò pọ̀ lára wọn ju ti eku yòókù, ọ̀pọ̀ èèyàn bá pa ọ̀rọ̀ yẹn tì. Ohun tí wọn ò mọ̀ dáadáa nígbà yẹn ni pé eku wọ̀nyẹn ṣì ní NK, wọ́n tiẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì T díẹ̀. Ọdún 2001 ni Robert Schreiber àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó gbé eku tí ò ní sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì B (irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn) rárá jáde, jẹjẹrẹ sì pọ̀ lára wọn lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n eku leku ń jẹ́. Ti èèyàn ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ máa rántí bí HIV ṣe bẹ̀rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà ní 1981 ni Kaposi sarcoma, jẹjẹrẹ tó ń yọ dúdúdúdú sára awọ, lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò yẹ kó ní in. HIV ń pa sẹ́ẹ̀lì T kan tó ń jẹ́ CD4, nígbà tí CD4 bá lọ, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa Kaposi, tó ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, á rí àyè. Ẹ wá gbọ́ èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu. Ní 2003 àwọn dókítà kan ní Scotland ròyìn ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ awọ kúrò lára ẹ̀ ní ọdún 16 sẹ́yìn, tí gbogbo èèyàn gbà pé ó ti sàn. Nígbà tó kú, ohun mìíràn ló pa á, wọ́n fi kíndìnrín ẹ̀ méjèèjì fún àwọn aláìsàn méjì. Jẹjẹrẹ awọ yẹn yọ lára àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá fún ní kíndìnrín, oògùn tó ń rọ sójà ara lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ló máa ń lò kí ara ẹ̀ má bàa kọ kíndìnrín náà. Ìyẹn ni pé láti ọdún 16 yẹn, jẹjẹrẹ ò tán lára ẹni àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀ ló kàn dì í mú tí ò jẹ́ kó mira.

Schreiber pín ọ̀rọ̀ yìí sí mẹ́ta, mo sì gbà pé ó tọ́: nígbà mìíràn wọ́n á pa á tán, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀; nígbà mìíràn wọ́n á dì í mú fún ọdún púpọ̀; nígbà mìíràn á bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ lẹ̀ ń rí ní ọsibítù.

Báwo ló ṣe ń bọ́? Ẹ̀tàn ni. Ara ti ní ohun tó ń dá sẹ́ẹ̀lì T dúró, ó sì gbọ́dọ̀ ní in, torí tí wọn ò bá dúró, ara ẹni ni wọ́n máa jẹ, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú àìsàn tó ń jẹ́ lupus àti irú àtọ̀gbẹ tó ń mú ọmọdé. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì T tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa pe àwọn yòókù sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Treg ni wọ́n ń pè wọ́n, ìwádìí lórí wọn ló gba ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn ní 2025. Jẹjẹrẹ á pe Treg sọ́dọ̀ ara ẹ̀, á fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Á gbé púrótéènì kan tó ń jẹ́ PD-L1 sójú ara ẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì T bá fọwọ́ kan PD-L1, á rò pé wọ́n ní kóun sinmi ni, á sinmi. Ti macrophage ló wá burú jù lójú tèmi. Ẹ rántí pé macrophage náà ló ń bójú tó egbò, òun ló ń mú kí ẹran ara tuntun hù, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ. Jẹjẹrẹ á ṣe bí ẹni pé egbò lòun, macrophage á wá máa ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ fún un, á máa bọ́ ọ. Dókítà lè gé kókó kan kúrò kí ìdajì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n kàn jókòó ni.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí pé ẹni tó ní kí ẹ mu tíì kí sójà lè pọ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń bọ́ jẹjẹrẹ ló fẹ́ fi kún un? Mi ò ní tíì yẹn ń ṣe ìyẹn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé iye kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìtọ́jú máa yọ, kì í ṣe ibi kí sójà pọ̀ ló gbà yọ. James Allison ní Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ní Japan, olúkúlùkù lọ́tọ̀, rí i pé tí èèyàn bá dí ohun tó ń dá sẹ́ẹ̀lì T dúró, sẹ́ẹ̀lì T á dìde padà. Ti Allison ni CTLA-4, ti Honjo ni PD-1, ìyẹn ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T tí PD-L1 ń fọwọ́ kàn, àwọn méjèèjì ló pín Nobel 2018. Oògùn àkọ́kọ́ nínú irú ẹ̀ wọ ọjà ní 2011. Gbogbo wa la mọ Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tó wá sí Nàìjíríà ní 1978, tí iléeṣẹ́ ẹ̀ tún bá wa lé sòbìà lọ, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá mọ̀ bí sòbìà ṣe máa ń jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 2015, jẹjẹrẹ awọ ti rìn dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ẹ̀, ó ti lé ní 90 ọdún, gbogbo ayé ti ń dágbére fún un. Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n fi ìtànṣán sí i, wọ́n fún un ní pembrolizumab tó ń dí PD-1. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ní wọn ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Ìparí 2024 ló kú, lẹ́ni 100 ọdún.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un kó má di pé èmi náà ń polówó ọjà. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló wà tí ò gbọ́ ọ rárá. Nígbà tó bá ṣiṣẹ́ náà, sẹ́ẹ̀lì T tí ẹ tú sílẹ̀ lè kọjú sí ìfun, sí ẹ̀dọ̀, sí gògóńgò níbi tí tairọ́ọ̀dù wà. Owó ẹ̀ ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá fà á síni lára ju $10,000 lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń fà á. Ẹ fi ìyẹn ṣe náírà fúnra yín, ẹ má bi mí.

Ìyá kan gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣé kò sí èyí tó rọrùn nínú ẹ̀?" Mo ní mà, ó wà, ó tiẹ̀ wà lápá gbogbo wa. Àpá kékeré tó wà lápá àwọn ọmọ wa, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ BCG sí nígbà tí wọ́n bí wọn nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, BCG yẹn náà làwọn dókítà ń dà sínú àpò ìtọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tí ò tíì jinlẹ̀. Láti 1976 ni wọ́n ti ròyìn ẹ̀, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní. Bakitéríà tó ti rọ yẹn á bí sẹ́ẹ̀lì funfun nínú, wọ́n á rọ́ wá síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń wá bakitéríà kiri ni wọ́n á ti rí jẹjẹrẹ. Coley, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, ti gbìyànjú irú ẹ̀ láti 1891, ó ń fi bakitéríà sínú kókó àwọn aláìsàn ẹ̀, àwọn kan sàn, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ mà, kì í ṣe pé BCG apá ń dènà jẹjẹrẹ o, inú àpò ìtọ̀ nìkan ni iṣẹ́ yẹn wà.

Ó kù ohun kan tí mi ò lè kọjá ẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí. Sójà fúnra ẹ̀ lè di olè. Burkitt lymphoma, jẹjẹrẹ tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, tí Denis Burkitt kọ̀wé nípa ẹ̀ láti Uganda ní 1958, sẹ́ẹ̀lì B ló yí padà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ni. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ EBV àti ibà tó ń ṣe ọmọ lemọ́lemọ́ lọ́wọ́ sí i, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nílẹ̀ tiwa. Kókó yẹn lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ tí wọ́n bá tètè gbé ọmọ wá, ó ń gbọ́ oògùn dáadáa. Vincristine wà lára àwọn oògùn ọ̀hún, ara òdòdó kan ni wọ́n sì ti rí i, kí ẹ má bàa ní mò ń kẹ́gàn ewé.

Èyí tó tún wá ni irú leukemia, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kan tó ń jẹ́ CML. Mo ti fojú ara mi rí ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀ lé ní 200,000, níbi tó yẹ kó jẹ́ 11,000 ó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé iye ló ń gbani, ẹni yẹn ni ì bá lágbára jù ní gbogbo Ọ̀ṣun. Ikùn wú, ara ń gbẹ, òógùn ń bò ó lóru. Láti 2003 ni àwọn tó ní CML ti ń gba oògùn tó ń jẹ́ imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, ọsibítù yunifásítì wa níbí, láti gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò wá sí Ifẹ̀ nítorí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀ ò sì mọ̀. Ohun tí imatinib sì ń ṣe ni pé kó dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù.

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mú èsì tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ jáde látinú àpò, 3,200 ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà lórí ẹ̀, wọ́n kọ "Low" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ti ta kápúsù fún wọn nítorí ẹ̀. Mo ní bàbá, ara yín ńkọ́? Wọ́n ní le koko. Mo bi wọ́n bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́ẹ̀sì ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ò ní nǹkan kan tó ń jẹ́ Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa, àìní yẹn ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax, òun náà ló ń jẹ́ kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti òyìnbó, láìsí àìsàn kankan. Ara òyìnbó ni wọ́n ti gé 4,000 yẹn. Mo ní kí wọ́n fi han dókítà wọn, torí tẹ́ẹ̀sì kan ò tó fi sọ̀rọ̀, àmọ́ kápúsù yẹn, kí wọ́n fi owó ẹ̀ ra ẹ̀wà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá látọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọge méjì, ọ̀kan 11 ọdún, ìkejì 13, pé ṣé òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ HPV ń sọ ọmọ dàgàn. Irọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá kó o, sẹ́ẹ̀lì funfun á lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì, ẹni tí wọn ò bá lé e lọ lára ẹ̀ ni jẹjẹrẹ lè yọ sí lẹ́yìn ọdún 10, 20. Abẹ́rẹ́ yẹn ń fi ojú HPV han sẹ́ẹ̀lì B kó tó wọlé rárá, kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀fẹ́ ni. Hẹpatáítìsì B náà ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wákàtí 24 àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló yẹ kó gbà á. Ìyá yẹn ní kí n kọ orúkọ HPV sílẹ̀ fún àwọn, mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ fún ìyá tó jókòó tì wọ́n.